Mẹ́mórì pọ̀ lára ẹ̀rọ, síbẹ̀ àyè ò sí: ọ̀rọ̀ DOS àti kílóbáìtì 640

Ẹni tó bá ṣe táípíìsì ní bísínẹ́ẹ̀sì sẹ́ńtà láàárín ọdún 1990 sí 1996, ì báà jẹ́ ní Yábàá, ní Ojúẹlẹ́gba tàbí ní Broad Street lọ́hùn-ún ní Èkó, á ti pàdé ìlà ọ̀rọ̀ yìí lójú kọ̀ǹpútà: "Program too big to fit in memory." Ó ń sọ pé ètò tí o fẹ́ ṣí ti tóbi jù, mẹ́mórì ò gbà á. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, mẹ́mórì ẹ̀rọ náà tó mégábáìtì 4, ètò tí wọ́n fẹ́ ṣí ò sì ju kílóbáìtì 550 lọ, kò tó ìdá kan nínú méje. Ọ̀gá á gbé ẹ̀rọ padà lọ bá ẹni tó tà á, á ní wọ́n ti fi ayédèrú mẹ́mórì rẹ́ òun jẹ. Olóòótọ́ ni ọlọ́jà lọ́pọ̀ ìgbà. Mẹ́mórì pé, chip ń ṣiṣẹ́, DOS, ìyẹn ètò tó ń darí ẹ̀rọ, ò sì ṣìwà hù. Ọdún 1981 ni wọ́n ti pín àyè inú ẹ̀rọ náà, gbogbo ètò tí wọ́n kọ lẹ́yìn náà ló sì gbà pé bí ìpín náà á ṣe máa rí nìyẹn.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti orí chip. Oṣù kẹjọ ọdún 1981 ni IBM gbé PC rẹ̀ àkọ́kọ́ jáde, 8088 tí Intel ṣe ni ọpọlọ rẹ̀. Mẹ́mórì jẹ́ àwọn àyè kéékèèké tó tò tẹ̀lé ara wọn, àyè kọ̀ọ̀kan ń gba báìtì kan, báìtì kan sì tó lẹ́tà kan nínú ìwé tí ẹ bá ń tẹ̀. Gbogbo àyè wọ̀nyí ló ní nọ́mbà tirẹ̀, nọ́mbà náà là ń pè ní àdírẹ́sì. Chip ò lè mú ohunkóhun jáde nínú mẹ́mórì láìpe àdírẹ́sì rẹ̀, wáyà 20 péré ni 8088 sì ní tó fi ń pè é. Nínú wáyà kọ̀ọ̀kan, iná wà tàbí iná ò sí. Kò sí ipò kẹta. Tí ẹ bá bẹ̀rẹ̀ láti orí 1, tí ẹ ń sọ ọ́ di ìlọ́po méjì fún wáyà kọ̀ọ̀kan títí 20 fi pé, 1,048,576 lẹ ó bá. Gbogbo àyè tí 8088 lè mọ̀ láyé rẹ̀ nìyẹn, òun là ń pè ní mégábáìtì 1, ìyẹn kílóbáìtì 1,024. Ẹ ko mẹ́mórì kún inú ẹ̀rọ náà títí dé ẹnu, kò ní nọ́mbà tó máa fi pe èyí tó bá lé.

Mégábáìtì 1 náà gan-an, kì í ṣe gbogbo rẹ̀ ló bọ́ sọ́wọ́ àwọn ètò. Àdírẹ́sì kan náà ni wọ́n fi ń pe mẹ́mórì, tí wọ́n fi ń pe káàdì tó ń gbé ọ̀rọ̀ sójú kọ̀ǹpútà, tí wọ́n tún fi ń pe BIOS, ìyẹn ètò tí wọ́n ti kọ sínú ROM, mẹ́mórì tí kì í parẹ́, láti iléeṣẹ́ kí ẹ̀rọ lè mọ bó ṣe máa jí. IBM fi kílóbáìtì 640 tó wà nísàlẹ̀ sílẹ̀ fún DOS àti àwọn ètò, wọ́n sì ya kílóbáìtì 384 tòkè sọ́tọ̀. Kì í ṣe pé wọ́n ń ṣahun. Tí wọ́n bá tan 8088, àdírẹ́sì tó kọ́kọ́ ń lọ kà ni èyí tó ku báìtì 16 kó dé òpin òkè. Ibẹ̀ ni BIOS gbọ́dọ̀ wà. Bí kò bá sí níbẹ̀, ẹ̀rọ ò ní jí. Àyè káàdì ojú kọ̀ǹpútà wá wà lábẹ́ BIOS, ó sì bẹ̀rẹ̀ gẹ́lẹ́ níbi tí 640 parí sí. Nítorí náà, bí ètò bá ń gbòòrò láti ìsàlẹ̀ lọ sókè, ojú kọ̀ǹpútà ló máa kọ́kọ́ kọ lù.

Lójú àwọn èèyàn ìgbà náà, ọrọ̀ ńlá ni 640. Kílóbáìtì 16 tàbí 64 ló wà nínú PC tí IBM kọ́kọ́ ń tà. Wọ́n máa ń sọ pé Bill Gates ló ní 640 á tó gbogbo ayé. Òun fúnra rẹ̀ ti sẹ́ pé òun ò sọ bẹ́ẹ̀, lójú tèmi ẹjọ́ náà ò tiẹ̀ kàn án, torí IBM ló pín àyè. DOS tí Microsoft gbé fún wọn kàn ń gbé inú èyí tí wọ́n bù fún un ni.

Ìbéèrè tó tẹ̀lé e ló máa ń rú àwọn èèyàn lójú jù. Intel ti gbé 286 jáde ní ọdún 1982, ó ní wáyà àdírẹ́sì 24, ìyẹn mégábáìtì 16. Wọ́n gbé 386 jáde ní 1985, wáyà 32, gígábáìtì 4. Kí ló wá dé tí DOS tó ń ṣiṣẹ́ lórí 386 ní ọdún 1993 ṣì ń sunkún 640? Intel ò fẹ́ kí àwọn ètò àtijọ́ kú ni. Gbogbo chip tuntun wọ̀nyí, tí wọ́n bá ti tàn án, ńṣe ló máa ń ṣe bíi 8088. Ipò yẹn ni wọ́n ń pè ní real mode. Kí chip tó lè lo mẹ́mórì tó wà lókè mégábáìtì 1 bó ṣe yẹ, ó ní láti bọ́ sí ipò kejì tí wọ́n ń pè ní protected mode, níbi tí ọ̀nà tí wọ́n ń gbà ṣírò àdírẹ́sì ti yàtọ̀ pátápátá. DOS ò mọ ọ̀nà yẹn, àwọn ètò tí wọ́n kọ fún DOS náà ò mọ̀ ọ́n.

286 tiẹ̀ ní wàhálà kan tó ṣì ń pa mí lẹ́rìn-ín: ó lè wọ protected mode, ṣùgbọ́n kò sí àṣẹ kankan tó lè fi jáde padà sí real mode. Ohun tí IBM ṣe sí i nínú PC/AT ti ọdún 1984 ni pé wọ́n ní kí chip tó ń ṣàkóso kííbọọ̀dù máa bá wọn tún 286 bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀, kó lè jí sínú real mode. Kííbọọ̀dù o! Chip kííbọọ̀dù yìí kan náà ni wọ́n fi wáyà àdírẹ́sì kọkànlélógún sí níkàáwọ́, pé kó máa ṣí i, kó máa tì í. Tí wáyà yẹn bá ṣí, real mode á rí báìtì 65,520 sí i lókè mégábáìtì 1, torí bí chip náà ṣe ń ṣírò àdírẹ́sì máa ń lé díẹ̀ ju ohun tí wáyà 20 lè gbé lọ. Ó kéré lójú mégábáìtì 4, àmọ́ òun ló gba ọ̀pọ̀ èèyàn sílẹ̀. Nígbà tí DOS 5 jáde ní 1991, téèyàn bá ti ní HIMEM.SYS, ètò tó ń ṣàkóso mẹ́mórì òkè, nínú CONFIG.SYS, fáìlì tí DOS máa ń kà bó bá ń jí, tó tún kọ DOS=HIGH sí i, DOS á kó èyí tó pọ̀ jù nínú ẹrù rẹ̀ kúrò nínú 640, á gbé e lọ sínú àyè kékeré yẹn.

Ó yẹ kó kó kúrò lóòótọ́, torí èrò ti pọ̀ jù nínú 640. DOS ń gbé ibẹ̀, COMMAND.COM tó ń gba àṣẹ lẹ́nu yín ń gbé ibẹ̀. Ètò tó ń jẹ́ kí mouse rìn, ètò tó ń jẹ́ kí kọ̀ǹpútà ọ́fíìsì bá ara wọn sọ̀rọ̀, MSCDEX tó ń jẹ́ kí CD ṣí, gbogbo ìlà tí ẹ bá kọ sínú CONFIG.SYS àti AUTOEXEC.BAT ló ń bù nínú rẹ̀ kí táípíìsì tó fọwọ́ kan nǹkan kan. Ìyókù ni WordPerfect tí wọ́n fi ń tẹ̀wé tàbí dBASE tí wọ́n fi ń tọ́jú àkọsílẹ̀ máa bá. Tí ẹ bá tẹ MEM /C, DOS á to gbogbo wọn sílẹ̀ pẹ̀lú iye tí olúkúlùkù jẹ. Nísàlẹ̀ ni ìlà kan wà tó sọ pé "Largest executable program size." Nọ́mbà yẹn nìkan ló kan ètò tí ẹ fẹ́ ṣí. Mégábáìtì 3 tó jókòó sókè láìṣe nǹkan kan, kò dá sí i.

Lórí 386, ọ̀nà mìíràn tún wà. Nínú kílóbáìtì 384 tí IBM yà sọ́tọ̀, ibi tí kò sí káàdì kankan ṣófo. Ètò kan tó ń jẹ́ EMM386 lè mú mẹ́mórì tòkè, kó fún un ní àdírẹ́sì ibi tó ṣófo yẹn, ẹ̀yin á sì fi àṣẹ DEVICEHIGH àti LOADHIGH kó àwọn ètò kéékèèké lọ síbẹ̀. Iṣẹ́ àtò ni, torí ihò kan ò tó ihò kejì. Ètò tó bá kọ́kọ́ wọlé lè gba ibi tí ètò tó tóbi jù ú lọ nílò. DOS 6 ti ọdún 1993 gbé MEMMAKER wá tó ń bá èèyàn tò ó, tó ń tún ẹ̀rọ bẹ̀rẹ̀ bó ṣe ń dán an wò. Àwọn ògbólógbòó ò gbà á gbọ́. Wọ́n á jókòó ti CONFIG.SYS, wọ́n á máa yí ìlà kan sókè, ìkejì sísàlẹ̀, títí nọ́mbà inú MEM á fi kọjá 600.

Ti àwọn ètò nìyẹn. Ti ìwé ìṣirò tún jù bẹ́ẹ̀ lọ, torí Lotus 1-2-3, ètò tí wọ́n fi ń ṣe ìwé ìṣirò nígbà náà, máa ń kó gbogbo ìwé ìṣirò sínú mẹ́mórì lẹ́ẹ̀kan náà. Akọ̀wé owó tó bá ń kó ọjà ọdún kan sínú rẹ̀ á dé ibi tí kò ti lè fi ìlà kan kún un mọ́. Ní ọdún 1985, Lotus, Intel àti Microsoft fẹnu kò lórí ọgbọ́n kan tí wọ́n pè ní EMS. Ẹ fojú inú wo ọlọ́jà tí ìsọ̀ rẹ̀ ní Ìdúmọ̀tà ò gbà ju páálí mẹ́rin lọ, tó sì ní stọ́ọ̀ ńlá sí ẹ̀yìn ọjà. Oníbàárà kì í lọ sí stọ́ọ̀. Ìsọ̀ nìkan ló mọ̀. Tí wọ́n bá béèrè ohun tí kò sí níwájú, ọmọ ọjà á gbé páálí kan padà, á gbé òmíràn wá sójú àyè kan náà. Ìsọ̀ yẹn ni kílóbáìtì 64 tí EMS bù nínú 384 tòkè, páálí mẹ́rin náà jẹ́ kílóbáìtì 16 níkọ̀ọ̀kan. Nígbà tí EMS 4.0 fi dé ní 1987, stọ́ọ̀ ti lè tó mégábáìtì 32. Ṣùgbọ́n ètò gbọ́dọ̀ mọ bí wọ́n ṣe ń pààrọ̀ páálí. Èyí tí wọn ò kọ EMS mọ́ nínú á máa wo stọ́ọ̀ níran, á sì ní àyè ti tán.

Ohun tó tún wá da ọ̀rọ̀ rú ni XMS, tó dé ní 1988, tó jẹ́ ọ̀nà láti kó ẹrù sí mẹ́mórì tó wà lókè mégábáìtì 1 lórí 286 àti 386. EMS dúró fún expanded, XMS dúró fún extended. Ẹni tó sọ méjèèjì lórúkọ tó jọra báyìí ò ro ti ẹni tó máa lọ ra ètò lọ́jà rárá. Ètò tó bá béèrè expanded ò ní fi extended ṣe nǹkan kan, àfi tí EMM386 bá bá a sọ ọ́ di expanded.

Ó wá ku ọ̀rọ̀ ṣíṣe iṣẹ́ méjì lẹ́ẹ̀kan. Lórí fóònù lónìí, orin ń lọ, WhatsApp ń dún, ẹ ń ka ìròyìn. DOS ò mọ irú ayé yẹn. Ètò kan ni DOS máa ń ṣí, á sì fi gbogbo ẹ̀rọ lé e lọ́wọ́. Ètò náà lè kọ ọ̀rọ̀ tààrà sínú mẹ́mórì ojú kọ̀ǹpútà láìbéèrè lọ́wọ́ DOS, ọ̀pọ̀ wọn ló sì ń ṣe bẹ́ẹ̀ torí ó yá ju kí wọ́n máa bẹ DOS lọ. DOS fúnra rẹ̀ ò gba ìpè méjì pọ̀: bó bá ń kọ fáìlì sórí dísíkẹ́ẹ̀tì lọ́wọ́, tí ètò kejì tún dá sí i pé kó ka òmíràn, á gbàgbé ibi tó dé nínú ti àkọ́kọ́.

Síbẹ̀, wọ́n rí ọgbọ́n dá. Àkọ́kọ́ tó gbajúmọ̀ ni PRINT, tó bá DOS 2.0 wá ní 1983. Aago kan wà nínú PC tó máa ń ta chip lólobó ní nǹkan bí ìgbà 18 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. PRINT á fara pamọ́ sínú mẹ́mórì, bí aago bá ti dún á fi lẹ́tà díẹ̀ ránṣẹ́ sí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé, á tún pa dà sùn. Ìwọ ń tẹ lẹ́tà oníbàárà kejì lọ, ti àkọ́kọ́ ń jáde níwèé. Kó tó pẹ́, ọ̀pọ̀ ètò bẹ̀rẹ̀ sí í fara pamọ́ bẹ́ẹ̀; TSR lorúkọ wọn. Èyí tó lókìkí jù ni SideKick tí Borland ṣe ní 1984. Ó máa ń gbọ́ gbogbo bọ́tìnnì tí ẹ bá tẹ̀ kí ètò tí ẹ ń lò tó gbọ́ ọ. Tí ẹ bá tẹ àwọn tí wọ́n fi pè é, á yọ jáde sójú kọ̀ǹpútà pẹ̀lú ẹ̀rọ ìṣirò àti ìwé àkọsílẹ̀, ohun tí ẹ ń ṣe tẹ́lẹ̀ á sì dúró dè é.

Ibí yìí ni ọ̀rọ̀ méjèèjì ti di ọ̀kan. TSR ò kúrò nínú mẹ́mórì títí ẹ fi pa ẹ̀rọ tàbí títí ẹ fi yọ ọ́ dáadáa, inú 640 yẹn náà ló sì ń gbé. Ẹni tó kó mẹ́rin márùn-ún jọ kí iṣẹ́ lè rọ̀ ọ́ lọ́rùn lè rí i pé WordPerfect ò ṣí mọ́. Tí méjì nínú wọn bá ń gbọ́ bọ́tìnnì kan náà, tí wọn ò mọ ara wọn rí, ẹ̀rọ á dákú, Ctrl, Alt àti Del ló kù. DOS ò lè bá wọn parí ìjà, torí kò mọ̀ pé wọ́n wà.

DOSSHELL inú DOS 5 gba ọ̀nà mìíràn. Ó lè ṣí ètò tó pọ̀, ẹ ó sì máa bọ́ láti ọ̀kan sí ìkejì. Èèyàn lè rò pé ṣíṣe iṣẹ́ púpọ̀ lẹ́ẹ̀kan nìyẹn. Kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Nígbà tí ẹ bá kúrò lórí ètò kan, DOSSHELL á kó o látinú mẹ́mórì lọ sórí hard disk, á sì gbé èyí tí ẹ pè wá sípò rẹ̀. Ìṣirò tí ẹ fi sílẹ̀ ò ní lọ síwájú ní ìdajì ẹsẹ̀ títí ẹ fi padà dé. Ìyàtọ̀ tó yẹ kí ẹ dì mú nìyí: bíbọ́ láti ètò kan sí òmíràn yàtọ̀ sí kí ètò méjì máa ṣiṣẹ́ pọ̀.

386 ló mú èyí tó jẹ́ òótọ́ wá. Yàtọ̀ sí real mode àti protected mode, ó ní ipò kẹta, virtual 8086, níbi tó ti lè dá ẹ̀rọ àfarawé bíi mélòó kan sílẹ̀, olúkúlùkù ètò á sì gbà pé òun nìkan ló wà lórí 8086 tó ní mégábáìtì 1 tirẹ̀. Tí ètò kan bá fẹ́ kọ nǹkan sójú kọ̀ǹpútà, 386 á gbé e lọ sí àyè tí wọ́n ti yà fún un láìjẹ́ kó mọ̀. DESQview tí Quarterdeck ṣe lo ọgbọ́n yìí, Windows 3.0 ti ọdún 1990 náà lò ó. Chip kan ṣoṣo ló ṣì wà o. Ó kàn ń fún olúkúlùkù ní àkókò kékeré, á mú un kúrò lọ́wọ́ rẹ̀, á fún ẹlòmíràn, ó yá débi pé ojú ò rí i.

Àmọ́ 640 ò lọ. Fèrèsé DOS kọ̀ọ̀kan ní 640 tirẹ̀, ohunkóhun tí ẹ bá sì ti kó sínú mẹ́mórì kí ẹ tó ṣí Windows á hàn nínú gbogbo fèrèsé wọ̀nyẹn. Ètò mouse tó jẹ kílóbáìtì 20 kí Windows tó bẹ̀rẹ̀ á jẹ 20 nínú fèrèsé àkọ́kọ́, 20 nínú ìkejì, 20 nínú ìkẹta. Ìdí tí àwọn tó mọ̀ ọ́n fi ń tọ́jú CONFIG.SYS wọn bí ẹyin nìyẹn, bí wọ́n tiẹ̀ ti ń lo Windows. Ní Èkó, ọ̀rọ̀ náà tún ní tirẹ̀: tí NEPA bá mú iná lọ, ẹni tó ṣí ètò kan pàdánù iṣẹ́ kan, ẹni tó ṣí mẹ́ta pàdánù mẹ́ta.

Tí ẹ bá ní ètò àtijọ́ tó ṣì ń ka ọjà fún yín, DOSBox lè gbé e lórí laptop òní. Láìjẹ́ pé ẹ yí nǹkan kan padà, mégábáìtì 16 ló máa ń fún ètò náà, èyí tó ṣófo nínú 640 á sì ju 620 lọ, torí DOS tirẹ̀ ò gbé inú àyè yẹn. Ẹ má wulẹ̀ fi mégábáìtì kún un bí ètò náà bá ní àyè ò tó. Ẹ tẹ MEM níbẹ̀, kí ẹ wo iye tó ṣófo nínú 640.

Ohun tó mú mi kọ gbogbo èyí ni pé wọ́n ṣì ń ja ìjà yìí ní Computer Village, Ìkẹjà, lórí ẹ̀rọ tó kéré lọ́jọ́ orí ju DOS lọ. Oníbàárà á ra RAM gígábáìtì 4 ní Ọ̀tígbà, á fi sínú laptop àtijọ́ tó ń lo Windows oníbíìtì 32, Windows á ní gígábáìtì 3.25 ni òun lè lò, tàbí iye tó sún mọ́ ọn. Ariwo á ta. Ní ti Windows yìí, àfi bíi pé wáyà 32 péré ni ẹ̀rọ ní: ìlọ́po méjì nígbà 32 jẹ́ 4,294,967,296, gígábáìtì 4 gẹ́lẹ́, káàdì ojú kọ̀ǹpútà àti àwọn ẹ̀yà mìíràn sì tún ń gba àdírẹ́sì tiwọn nínú rẹ̀ bí IBM ṣe yà á fún wọn ní 1981. RAM náà dára. Kí ẹ tó sanwó òmíràn, ẹ tẹ ọ̀tún lórí Computer tàbí This PC, kí ẹ ṣí Properties, kí ẹ ka ibi tó kọ "System type". Bí chip bá jẹ́ x64 tí Windows sì jẹ́ 32, Windows ni kí ẹ pààrọ̀ sí 64. Bí chip fúnra rẹ̀ ò bá mọ 64, ẹ jẹ́ kí owó yín wà lápò.